Ẹ Bá Mi Di Ohùn Náà Mú

Ìjọ tí Ìyá Akọrin ń lọ kì í lo dùùrù, kì í lo gìtá, kò sì sí ohun èlò orin tó lè gba ẹnu ọ̀nà rẹ̀ wọlé. Bí àwọn tó dá a sílẹ̀ ṣe fẹ́ ẹ nìyẹn. Wọ́n ní ẹnu ènìyàn ni Ọlọ́run dá, ẹnu ènìyàn náà ni kí a fi yìn ín. Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n fàyè gbà ni fèrè kékeré kan tí kò gùn ju ìka lọ, tí kò sì ní ju ohùn kan lọ nínú. Olùdarí akọrin yóò fọn ọ́n lẹ́ẹ̀kan kí orin tó bẹ̀rẹ̀, yóò sì sọ ọ́ sápò. Kò gbọdọ̀ fọn ọ́n lẹ́ẹ̀kejì. Òfin mìíràn tún wà: ohùn kankan ò gbọdọ̀ jáde nínú ìsìn láìsí ọ̀rọ̀ nínú rẹ̀. Kò sí fífi imú kùn, kò sí súfèé. Ẹni tó bá ya ẹnu, kó ní ohun tó fẹ́ sọ.

Inú ohùn kan ṣoṣo yẹn ni Ìyá Akọrin ti máa ń yọ ohùn mẹ́rin. Yóò fọn fèrè, yóò yíjú sí àwọn ènìyàn rẹ̀, yóò fún sopurano ní tirẹ̀, yóò fún alito, yóò fún teno, basi ni yóò fi kádìí. Láàárín ìgbà tí fèrè bá dákẹ́ sí ìgbà tí orin bá bẹ́ sílẹ̀, kò sí ibi tí ohùn náà wà láyé yìí àfi inú orí rẹ̀. Ó ti ń gbé e bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí irun rẹ̀ ṣì dúdú, kò sì jẹ́ kó bọ́ rí.

Alágbàfọ̀ ni ní ọjọ́ iṣẹ́. Yàrá rẹ̀ gùn, ó tẹ́ẹ́rẹ́, tábìlì kan ló gba gbogbo àárín rẹ̀, aṣọ funfun sì kọ́ sórí okùn láti ògiri dé ògiri bí ìjọ tó dìde dúró. Òórùn ọṣẹ àti sítáàṣì ti wọ igi ilẹ̀kùn lára. Ògiri kan ṣoṣo ló pààlà láàárín òun àti ṣọ́ọ̀bù àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, káfíńtà tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Àgbá. Ohùn basi rẹ̀ ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí ìsàlẹ̀ ikùn ló ti ń wá, bí ìgbà tí wọ́n bá ń yí àgbá kọjá lórí sìmẹ́ńtì. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní kì í ṣe ìyẹn nìkan, pé àgbá òfìfo ló ń pariwo.

Àárọ̀ ọjọ́ kan, ó ń fi áyọ́ọ̀nù lọ ọrùn aṣọ ìsìn pásítọ̀, ni ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ bá kọ̀ fún un. Áyọ́ọ̀nù jábọ́. Àgbá gbọ́ ìró irin nílẹ̀, kò sì gbọ́ èpè kankan tẹ̀lé e. Àìgbọ́ èpè yẹn ló bà á lẹ́rù. Nígbà tó fi sáré yíká dé ibẹ̀, ẹnu ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti wọ́ sápá kan. Ní ilé ìwòsàn, wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ló dì sí ọ̀nà tóóró kan nínú ọpọlọ rẹ̀.

Ìjọ gbààwẹ̀. Pásítọ̀ fúnra rẹ̀ kúnlẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì yàrá ìwòsàn títí orúnkún rẹ̀ fi bó. Ọwọ́ padà. Ẹnu padà sáyè rẹ̀. Pásítọ̀ sì kéde fún gbogbo ìjọ pé iṣẹ́ ìyanu ti ṣẹlẹ̀, ó ti pé, kò kù síbì kan. Wọ́n jó.

Ọjọ́ ìsìn tí Ìyá Akọrin kọ́kọ́ padà síwájú ló mọ̀ pé ó kù síbì kan.

Ó fọn fèrè. Ohùn náà jáde, ó mọ́ gaara, ó dákẹ́. Ó yíjú sí àwọn akọrin, ó gbé ọwọ́ sókè, ẹnìkan sì wúkọ́ ní ìlà ẹ̀yìn. Nígbà tí ikọ́ náà máa fi parí, ohùn ti lọ. Kì í ṣe pé ó ṣe bàìbàì lọ́kàn rẹ̀. Ó lọ ni, bí ìgbà tí ènìyàn na ọwọ́ sẹ́yìn láti fi aṣọ kọ́ sí ibi tó ti ń fi í kọ́ láti ọdún gbọọrọ, tí ọwọ́ rẹ̀ wá bá ògiri lásán. Ó méfò. Ó fún basi ní ohùn tó ga jù, ó fún sopurano ní èyí tí ẹyẹ nìkan lè dé, orin náà sì fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bíi tábìlì tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú. Àwọn kan nínú ìjọ wo ilẹ̀. Àwọn kan wò ó, èyí ló sì burú jù.

Àgbá ló sin ín padà sí ilé ìwòsàn. Dókítà obìnrin kan wà níbẹ̀ tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti wádìí bí ọpọlọ ṣe ń di ohùn mú fún ìgbà díẹ̀ lẹ́yìn tí etí bá ti gbọ́ ọ tán. Ó fi nǹkan tútù kan pa Ìyá Akọrin lórí, ó sì dé e ní fìlà kan tí wáyà yọ lára rẹ̀ kítikìti, tó lọ wọ inú ẹ̀rọ kan.

Àgbá wò ó títí. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ ilé tí àwọn oníná wáyà sí tán tí wọn ò tíì tan."

"Jókòó síbẹ̀ kó o panu mọ́."

Iṣẹ́ tí dókítà gbé fún un ò ṣòroó sọ. Ẹ̀rọ yóò dún, yóò dákẹ́, yóò tún dún. Bí ohùn kejì bá jẹ́ ti àkọ́kọ́, kó tẹ bọ́tìnì ọwọ́ ọ̀tún. Bí kì í bá ṣe òun, kó tẹ ti òsì. Nígbà tí ìdákẹ́jẹ́ àárín kúrú, ó gbà á bí ẹni gba àkàsọ̀ ilé rẹ̀. Dókítà fa ìdákẹ́jẹ́ náà gùn díẹ̀, Ìyá Akọrin sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣì í. Ó ṣì í, ó sì mọ̀ pé òun ṣì í, ojú rẹ̀ sì le.

"Ẹ tún un ṣe."

"Màmá, ẹ jẹ́ ká sinmi díẹ̀."

"Ṣé ẹ rí bẹ́ẹ̀dì tí mo gbé wá ni? Ẹ tún un ṣe, dókítà."

Nígbà tí wọ́n tún un ṣe, ó dá ọgbọ́n kan. Bí ohùn bá ti dún, ó ń kùn ún wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ nínú ọ̀fun títí èkejì fi dé, ó sì ń gbà á. Dókítà rí i, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó wá ní kó máa ka orúkọ àwọn ọjọ́ inú ọ̀sẹ̀ sókè nínú ìdákẹ́jẹ́ náà. Kò tíì ka ọjọ́ Ìṣẹ́gun tán tí ohùn fi fò lọ. Inú rẹ̀ bàjẹ́, nítorí ó mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Olùdarí akọrin kì í lè panu mọ́. Òun ló ń sọ fún teno pé kí wọ́n gòkè, òun ló ń sọ fún alito pé kí wọ́n rọra.

Dókítà yí ojú ẹ̀rọ sí i. Ìlà wà lórí rẹ̀ tó ń gòkè tó ń sọ̀.

"Ẹ wò ó, màmá. Ohùn àkọ́kọ́ rèé, ìlà gòkè. Ohùn ti dákẹ́ níbí. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìlà. Kò tẹ́jú, ó ń gbọ̀n. Kò sí nǹkan kan létí yín nígbà yẹn, àmọ́ iṣẹ́ ń lọ nínú orí. Apá tó ń gbọ́, tó wà nítòsí etí, àti apá kan níwájú orí, wọ́n ń ju ohùn náà sí ara wọn bí àwọn bíríkìlà ṣe ń ju bíríkì. Kò gbọdọ̀ kanlẹ̀. Tiyín, ó jọ pé ọ̀nà àárín àwọn méjèèjì ni àìsàn yẹn kàn. Ẹ ń gbọ́ dáadáa. Ẹ ń mú un dáadáa. Àmọ́ ọwọ́ ò lè dì í mú pẹ́. Tí ohùn mìíràn bá já lu èyí, tàbí tẹ́ ẹ bá sọ̀rọ̀, ó bọ́ nìyẹn."

"Ṣé yóò padà?"

"Mi ò mọ̀, mà. Ti ẹlòmíràn máa ń padà díẹ̀díẹ̀. Ti ẹlòmíràn kì í padà. Tí mo bá ní dandan ni, mo purọ́ fún yín."

Ìyá Akọrin dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ tọkàntọkàn. Ó pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti sọ "mi ò mọ̀" fún un.

Nínú ọkọ̀ tí wọ́n fi ń padà, ìlà tó ń gbọ̀n yẹn ò kúrò lójú rẹ̀. Ohun kan wà tí kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni, kódà fún Àgbá. Láti ìgbà tó ti dùbúlẹ̀ àìsàn ni àdúrà rẹ̀ ti yàtọ̀. Tẹ́lẹ̀, bó bá gbàdúrà tán, á dà bíi pé ẹnìkan wà nínú yàrá kejì. Kò ní gbọ́ ọ̀rọ̀, àmọ́ á mọ̀ pé ẹni náà ò tíì jáde. Ní báyìí, yàrá kejì dákẹ́ lóríṣi mìíràn. Ó ń gbàdúrà síbẹ̀, láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, nítorí òun kì í ṣe ẹni tí í fi iṣẹ́ sílẹ̀ torí pé ọ̀gá ò yọjú. Ṣùgbọ́n ó ń bi ara rẹ̀ léèrè bóyá Ọlọ́run ló dákẹ́, àbí ibi tí òun fi ń di ohùn Rẹ̀ mú ló jò. Ọkọ̀ dúró. Ó kàn sọ fún Àgbá pé kó rọra ti ilẹ̀kùn ọkọ̀.

Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni pásítọ̀ wá gba aṣọ ìsìn rẹ̀. Ó jókòó sórí àpótí, ó kí i, ó bèèrè àlàáfíà, ó wá bọ́ sórí ọ̀rọ̀.

"Ìyá, ọjọ́ ìsìn tó ń bọ̀ ni ìdúpẹ́ yín. Ẹ ó dìde, ẹ ó jẹ́rìí pé Ọlọ́run ti wò yín sàn pátápátá, ẹ ó wá darí orin."

"Mo dé ọ̀dọ̀ dókítà, pásítọ̀. Kò tíì jẹ́ pátápátá."

"Dókítà ń sọ tirẹ̀. Ẹnu la fi ń gba ìwòsàn, ìyá."

"Ẹnu náà la fi ń jẹun. Tí mo bá ní mo ti yó kí n tó jẹun, ebi ò ní tìtorí ẹ̀ lọ."

Pásítọ̀ rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín náà ò pẹ́. Kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó ti kéde iṣẹ́ ìyanu náà lójú gbogbo ìjọ, ó sì wà lára àwọn tó gbà á gbọ́ jù. Bóyá ẹ̀rù ń ba òun náà. Ọ̀pọ̀ nínú wa ń kó ìgbàgbọ́ wa lé ara ẹni tó dìde lórí bẹ́ẹ̀dì, a kì í sì í bi onítọ̀hún bóyá ó lè ru ú.

"Ẹni tó bá ní òun ṣì ń ṣàìsàn ò lè dúró níwájú," ni pásítọ̀ wí, ohùn rẹ̀ rọ̀. "Á mú ọkàn àwọn ènìyàn rẹ̀wẹ̀sì. Bẹ́ ò bá lè jẹ́rìí, ẹ jókòó ní tiyín, ẹ sinmi. Ìyàwó díákónì á bá wa gba fèrè."

Ìyá Akọrin ká aṣọ ìsìn náà, ó fi ọwọ́ tẹ́ ẹ, ó gbé e lé e lẹ́sẹ̀. "Mo gbà pé Ọlọ́run lágbára. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ní purọ́ gbè é. Alágbára kì í wá ẹlẹ́rìí èké. Ti fèrè sì rèé, àpò mi ló wà. Orí mi ló ṣàìsàn, pásítọ̀, kì í ṣe orí kunkun mi."

Nígbà tí pásítọ̀ lọ tán, Ìyá Akọrin ti ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ti jáde lẹ́nu rẹ̀, àmọ́ kò mọ ọ̀nà tí yóò fi mú un ṣẹ. Ó yí sí ṣọ́ọ̀bù Àgbá, ó jókòó sórí pákó. Àgbá ń fi rándà fá pátákó ilẹ̀kùn kan. Ìyá Akọrin yọ fèrè, ó fọn ọ́n láti fi dán ara rẹ̀ wò, ó wá bi Àgbá bóyá gíláàsì tábìlì òun ti dé. Àgbá ní kò tíì dé. Ìyá Akọrin wọ inú orí rẹ̀ lọ wá ohùn náà, kò bá a. Ó tún un ṣe. Bákan náà ni. Omi ojú fẹ́ wá, ó kọ̀ fún un.

Nígbà náà ló gbọ́ nǹkan kan lábẹ́ ìró rándà, ní ìsàlẹ̀ pátápátá.

"Kí lò ń kùn?"

"Mi ò kùn nǹkan kan."

"O ń kùn."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ìyàwó mi sọ bẹ́ẹ̀ láàárọ̀, ẹ̀yin náà tún dé."

Òótọ́ ni. Láti kékeré ni Àgbá ti ní àlébù yìí: ohùn tó bá kọ́kọ́ wọ etí rẹ̀ nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́, á kùn ún títí iṣẹ́ á fi parí, òun fúnra rẹ̀ ò sì ní mọ̀. Ìyá wọn na án tì í. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pè é ní ẹ̀fọn, ó pè é ní áńjìnnì, ó sọ kùmọ̀ lu ògiri àárín wọn títí ọ̀dà fi ṣí. Ní báyìí, ó gbé fèrè sẹ́nu, ó fọn ọ́n sínú kíkùn náà. Ìró méjèèjì wọ inú ara wọn, ọ̀kan nísàlẹ̀, ọ̀kan lókè, wọ́n di ẹyọ kan.

"Má dákẹ́," ni ó wí.

Àgbá dá rándà dúró. "Láti ìgbà tí mo ti ń wọ ṣòkòtò péńpé lẹ ti ń ní kí n dákẹ́. Òní lẹ wá ní kí n má dákẹ́?"

"Mo ní kó o má dákẹ́. Bíríkì tí ọwọ́ mi ò lè dì mú, ọwọ́ rẹ ló wà."

Àgbá ti gbàgbé bíríkì tí dókítà sọ, kò sì mọ èwo ni ti bíríkì nínú ṣọ́ọ̀bù káfíńtà, àmọ́ ó kùn. Ìyá Akọrin dìde, ó sọ̀rọ̀, ó ka ọjọ́ inú ọ̀sẹ̀ síwá sẹ́yìn, ó bú gíláàsì tí kò dé, ó wá la ẹnu. Ohùn sopurano jáde síbi tó yẹ. Ti alito jáde. Ti teno jáde.

"Pásítọ̀ ò ní gbà," ni Àgbá wí nígbà tó yé e. "Ohùn tí kò lọ́rọ̀ nínú."

"Ìyẹn ló kù. Ṣáà máa bọ̀."

Ọjọ́ ìdúpẹ́, ilé ìsìn kún. Pásítọ̀ pe Ìyá Akọrin jáde, ó ní kó wá sọ ohun tí Olúwa ṣe. Ó rìn síwájú nínú aṣọ tí ẹsẹ̀ eṣinṣin ò lè rí ibi dì mú lára rẹ̀, torí bó ṣe lọ̀ ọ́. Ìyàwó díákónì wà ní ìlà àkọ́kọ́ pẹ̀lú àwọn alito, kò sì gbójú sókè wò ó.

"Mo dúpẹ́," ni ó wí. "Ọwọ́ mi kú, ó jí. Ẹnu mi wọ́, ó padà. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín. Àmọ́ orí mi ò tíì yá tán. Tí mo bá gbọ́ ohùn, kì í pẹ́ lọ́kàn mi mọ́. Ìdí nìyẹn tí orin fi dàrú lọ́jọ́sí. Kì í ṣe àìbìkítà, kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Àìsàn ni. Mo gbàdúrà lórí ẹ̀, mi ò tíì gbọ́ nǹkan kan. Bóyá n ó gbọ́. Bí n kò bá sì gbọ́, níwájú yìí náà lẹ ó ti máa bá mi."

Ọkùnrin kan dìde ní àárín, ó gbé Bíbélì rẹ̀, ó jáde. Ìyá Akọrin dúró títí ilẹ̀kùn fi padé lẹ́yìn rẹ̀. Ó wá yọ fèrè, ó fọn ọ́n lẹ́ẹ̀kan, ó sọ ọ́ sápò. Ní ìlà ẹ̀yìn, Àgbá bẹ̀rẹ̀ sí í kùn.

Pásítọ̀ gbé ọwọ́ sókè. "Ìyá, ẹ dúró. Ẹ mọ òfin. Ohùn tí kò lọ́rọ̀ nínú ò sí nínú ìsìn wa."

Àgbá wo pásítọ̀, ó wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Kíkùn náà ń rẹlẹ̀ lọ. Ìyá Akọrin mọ̀ pé tó bá dákẹ́, ó parí. Òun ò ní lè fọn ọ́n lẹ́ẹ̀kejì, fèrè á sì bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn kí ìsìn tó tú.

"Òótọ́ lẹ sọ, pásítọ̀," ni ó wí. Ó yíjú sí Àgbá. "Fi Àmín sí i."

Àgbá fa èémí. "Àààà," ni ó wí, ó gùn, ó tẹ́jú bíi pátákó tí rándà ti kọjá lórí rẹ̀, ó sì wà lórí ohùn náà gan-an. "Ààààmín." Ó tún mí, ó tún gbé e.

Ọwọ́ pásítọ̀ wà lókè síbẹ̀. Àmọ́ pásítọ̀ wo ló lè ní kí ènìyàn má ṣe Àmín nílé Ọlọ́run? Bàbá àgbàlagbà kan tó ń tòògbé létí fèrèsé gbọ́ ọ, ó sì ṣe bí ó ti máa ń ṣe láti ọdún gbọọrọ wá: ó bá wọn ṣe Àmín. Àwọn basi yòókù gbà á. Kò pẹ́ tí ìlà ẹ̀yìn látòkè délẹ̀ fi gbé ohùn náà dání, bí ẹni yìí bá ń mí, tọ̀hún á dì í mú. Kò sì kanlẹ̀.

Ìyá Akọrin rìn lọ sọ́dọ̀ sopurano, ó fún wọn ní tiwọn. Ó sọ fún ìyàwó díákónì pé kó gbé orí sókè, ó sì fún alito ní tiwọn. Ó bá teno wí nítorí pé wọ́n ń falẹ̀. Ọ̀rọ̀ pọ̀ lẹ́nu rẹ̀, ikọ́ ń lọ lọ́tùn-ún, ọmọ ń sunkún lósì, ohùn náà sì wà níbi tó fi í sí. Ó já ọwọ́ sílẹ̀, orin bẹ́.

Orin náà ò pé. Alito rẹlẹ̀ díẹ̀ ní ìlà tó gbẹ̀yìn, ó gbọ́ ọ, ó sì dùn mọ́ ọn pé òun gbọ́ ọ.

Lẹ́yìn ìsìn, pásítọ̀ bá a lẹ́nu ọ̀nà. Ojú rẹ̀ pọ́n díẹ̀, kò sì rọrùn láti mọ̀ bóyá ìbínú ni.

"Ìyá, àwọn alàgbà á ní láti jókòó lórí ọ̀rọ̀ Àmín yẹn."

"Kí wọ́n jókòó dáadáa, pásítọ̀. Àwa ní rìhásà lọ́jọ́ Ẹtì. Bí wọ́n bá parí tètè, kí wọ́n wá bá wa kọrin."

Pásítọ̀ mi orí. Ó fẹ́ lọ, ó dúró. "Àwọn àdúrà yẹn," ni ó wí jẹ́jẹ́, "ṣé òótọ́ ni pé ẹ ò gbọ́ nǹkan kan?"

"Òótọ́ ni."

"Ẹ sì ń gbà á síbẹ̀."

"Láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́."

Pásítọ̀ bá tirẹ̀ lọ. Ó tún fi aṣọ ìsìn rẹ̀ ránṣẹ́ lọ́jọ́ kejì, ọrùn rẹ̀ ti dọ̀tí. Ìyá Akọrin tẹ́ ẹ sórí tábìlì, ó wọ́n omi díẹ̀ sí i. Kó tó gbé áyọ́ọ̀nù, ó yọ fèrè, ó fọn ọ́n, ó sì dúró nínú ìdákẹ́jẹ́ láàárín àwọn aṣọ funfun, ó ń wo ibi tí òun lè gbé e dé. Ó gbé e, ó gbé e, kẹ̀kẹ́ kan fọn fèrè níta, ó bọ́.

Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú, ó tún gbé fèrè sẹ́nu. Ní òdìkejì ògiri, Àgbá ti bẹ̀rẹ̀ sí í kùn.